Ta Ni Ń Fọhùn Lẹ́nu Àwòrán? Ìtàn Àwọn Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Tí A Fi Ń Polówó Ìpápánu

Kí páálí àti bébà aláwọ̀ mèremère tó dé sí etíkun wa, ẹnu ni a fi ń polówó ọjà. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀kọ, àkàrà tàbí ẹ̀pà lórí kiri ìlú a máa fi ohùn ara rẹ̀ ké sí oníbàárà. A máa fi ọjà náà wé ohun tí ó dára jù ú lọ, a máa pa òwe sí i, a sì máa fi ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ kún un kí ẹni tí ń kọjá lọ lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni olóhùn náà. Wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́, èdè tí òun àti oníbàárà jọ gbọ́ ni ó sì ń sọ. Bí ó bá purọ́, ẹni tí a ó bi léèrè kò jìnnà.

Lónìí, ẹni tí ó bá gba ìgboro Lomé kọjá, láti ọjà Assigamé títí dé àdúgbò Anagokomé, èyí tí orúkọ rẹ̀ ní èdè àwọn onílé túmọ̀ sí àdúgbò àwọn Ànàgó, yóò rí àtẹ kéékèèké lọ́tùn-ún lósì. Bisikí, wàrà, wàràkàṣì àti súìtì ni ó kún orí wọn. Àwọn ẹ̀dá kan wà lára àpò àti páálí wọ̀nyí tí kì í ṣe ènìyàn gan-an, tí kì í sì í ṣe ẹranko gan-an: màlúù tí ń rẹ́rìn-ín, ẹkùn tí ń nàka síni, ọmọdé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ roboto. Àwọn ni wọ́n gba iṣẹ́ olùpolówó lọ́wọ́ ẹnu. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, àwòrán olùpolówó ni a ó máa pè wọ́n. Ìtàn bí wọ́n ṣe dé ni a fẹ́ sọ, ìbéèrè kan ni a sì fẹ́ fi tọ ìtàn náà: nígbà tí àwòrán bá la ẹnu, ta ni ń fọhùn níbẹ̀, èdè ta ni ó sì ń sọ?

Bí àwọn àwòrán olùpolówó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ó bí àwòrán olùpolówó. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oúnjẹ tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń rà tẹ́lẹ̀ láti inú àgbá tàbí àpò, níwájú ẹni tí wọ́n mọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú páálí tí a ti dì láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ń rà á kò mọ ẹni tí ó ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ wá rí i pé ó yẹ kí wọ́n fi ojú kan sára páálí náà, kí oníbàárà lè rò pé òun mọ ẹni tí òun ń bá nájà. Ní ọdún 1877, ní Amẹ́ríkà, a fi àwòrán ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ ìjọ Quaker sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀ ọkà kan tí a ń sè jẹ ní òwúrọ̀. Kì í ṣe ìjọ náà ni ó ni ilé iṣẹ́ ọ̀hún. Orúkọ rere tí wọ́n ní gẹ́gẹ́ bí olóòótọ́ ni a kàn yá lò.

Láti orí ènìyàn ni a ti bọ́ sórí ohun tí kò lẹ́mìí. Ní ọdún 1916, ilé iṣẹ́ Planters, tí Amedeo Obici, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀, ṣe ìdíje láti wá àmì fún ẹ̀pà tí wọ́n ń tà. Antonio Gentile, ọmọdékùnrin kan ní ìlú Suffolk ní Virginia, ni ó gbégbá orókè. Ohun tí ó yà kò ju èèpo ẹ̀pà tí ó ní apá àti ẹsẹ̀ lọ. Ayàwòrán mìíràn ni ó fi fìlà gíga, ọ̀pá ìtilẹ̀ àti awò ojú kan kún un lẹ́yìn náà, ẹ̀pà sì di ọ̀tọ̀kùlú. Ní àwọn ọdún 1930, ilé iṣẹ́ Kellogg's mú àwọn iwin kéékèèké mẹ́ta wá láti polówó ìrẹsì gbígbẹ wọn. Ní ọdún 1952 wọ́n mú ẹkùn tí ń jẹ́ Tony wá. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbilẹ̀, àwọn àwòrán wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé ni wọ́n sì ń bá sọ ọ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọ̀rọ̀ ẹ̀pà yìí. Ní Lomé, inú ìgò ọtí tí a ti fọ̀ mọ́ ni àwọn ìyá ń rọ ẹ̀pà yíyan sí, tí wọ́n sì ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ìgò náà kò ní àwòrán kankan lára. Kò sì nílò rẹ̀, nítorí ojú ẹni tí ó yan ẹ̀pà náà wà níbẹ̀ fún oníbàárà láti rí. Ibi tí ojú ènìyàn bá ti kúrò ni ojú àwòrán ti ń gba ipò.

Jagunjagun orí páálí Banania

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀pà àti ẹkùn nìkan ni a yá lójú, ọ̀rọ̀ ì bá mọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a yá ojú tiwa náà lò.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1914 ni ogun àgbáyé kìíní dé Togo. Lábẹ́ Jámánì ni Togo wà nígbà náà, láti ọdún 1884. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Lomé, àwọn ọmọ ogun Faransé sì wọlé láti Dahomey, tí í ṣe Benin òní. Láàrín wọn ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfríkà tí Faransé ń pè ní *tirailleurs sénégalais* wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ará Senegal rárá. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù náà ni àwọn ará Jámánì túúbá, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn ba ilé iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ wọn jẹ́ ní Kamina, nítòsí Atakpamé, ní agbègbè àwọn Ifẹ̀-Àná tí í ṣe ìbátan wa.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1914 yìí kan náà ni akọ̀ròyìn Faransé kan, Pierre-François Lardet, fi orúkọ Banania sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó, ọkà àti ṣúgà ni a pò pọ̀ láti fi ṣe ohun mímu òwúrọ̀ yìí. Obìnrin kan tí ó jọ ará erékùṣù Antilles ni ó kọ́kọ́ wà nínú àwòrán rẹ̀. Ní ọdún 1915, ayàwòrán Giacomo de Andreis fi jagunjagun adúláwọ̀ rọ́pò obìnrin náà: ó dé fìlà pupa, ó jókòó, ó mú ṣíbí lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwo oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni a fi sí i lẹ́nu: «Y'a bon». Ohun tí ó ń sọ ni pé, «Ó dára». Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí Faransé ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Èdè wọ́ńkúwọ́ńkú ni, èyí tí a fi ń pa olóhùn náà rẹ́rìn-ín.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan onímọ̀ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Ta ni ó kọ́ àwọn jagunjagun náà ní irú èdè bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1916, a tẹ ìwé kékeré kan jáde ní Paris fún àwọn ọ̀gá ológun, ìwé tí àkọlé rẹ̀ sọ pé èdè Faransé bí àwọn *tirailleurs* ti ń sọ ọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwé náà kò wulẹ̀ ṣe àpèjúwe èdè yìí. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀gá bí wọn yóò ti máa fi bá àwọn ọmọ ogun sọ̀rọ̀: kí wọ́n má ṣe yí ọ̀rọ̀ ìṣe padà, kí wọ́n mú ìyàtọ̀ akọ àti abo ọ̀rọ̀ kúrò, kí wọ́n sì yọ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ń ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ. Lucie Cousturier, obìnrin ayàwòrán tí ó kọ́ àwọn jagunjagun wọ̀nyí ní èdè Faransé gidi nítòsí Fréjus nígbà ogun náà, fi ìwé *Des inconnus chez moi* sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ọdún 1920. Ó fi hàn pé àwọn jagunjagun náà mọ̀ pé èdè tí a kọ́ wọn ń sọ wọ́n di ẹni ẹ̀sín. Ilé ogun fi èdè tí ó ti gé kúrú há wọn lẹ́nu, olùpolówó ọjà sì tẹ̀ ẹ́ sórí páálí láti fi pa ará ilé rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tí ó kan àwa tí a ń sọ Yorùbá. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ ìṣe kì í yí padà nítorí olùwà. «Mo lọ», «o lọ», «wọ́n lọ»: *lọ* kan náà ni. *Ń*, *ti* àti *yóò* ni a fi ń fi àkókò àti ìrísí ìṣẹ̀lẹ̀ hàn, gbogbo rẹ̀ sì ní òfin tí ọmọ ọdún mẹ́ta ti mọ̀. A kò ní akọ àti abo ọ̀rọ̀, kò sì sí ohun tí a kò lè sọ nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ láti máa rẹ́rìn-ín sí gbólóhùn kan nítorí pé ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ kò yí padà ti kọ́ láti máa rẹ́rìn-ín sí gírámà wa láìmọ̀. Ọmọ wa tí ó bá sì kọ́ ẹ̀rín náà ní ilé ẹ̀kọ́ yóò mú un bọ̀ wálé, yóò fi rín ìyá rẹ̀.

Àwọn kan kò gbà. Léopold Sédar Senghor kọ ẹ̀rín Banania náà sílẹ̀ nínú ìwé ewì rẹ̀, *Hosties noires*, tí ó jáde ní ọdún 1948. Frantz Fanon padà sórí ọ̀rọ̀ yìí nínú *Peau noire, masques blancs* ní ọdún 1952. Ó ṣàlàyé pé ẹni tí ó bá ń fi èdè wọ́ńkúwọ́ńkú sí adúláwọ̀ lẹ́nu ń so ó mọ́ àwòrán tí a ti yà sílẹ̀ dè é ni. Síbẹ̀ ó di oṣù karùn-ún ọdún 2011 kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Versailles tó pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ tí ó ni Banania yéé fi ọ̀rọ̀ méjì náà ta ọjà.

Kì í ṣe Faransé nìkan. Jámánì, tí ó kọ́kọ́ ṣàkóso Togo, ní tirẹ̀. Ní ọdún 1918, ilé iṣẹ́ ṣokoléètì Sarotti ní Berlin bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwòrán ìránṣẹ́ adúláwọ̀ kan tí ó wé láwàní, tí ó gbé àwo lọ́wọ́. Ní ọdún 2004 ni wọ́n tó sọ ọ́ di onídán aláwọ̀ wúrà. Ní Amẹ́ríkà, ó di ọdún 2020 kí àwọn tí ó ni Aunt Jemima àti Uncle Ben's tó kéde pé àwọn yóò yí àwọn orúkọ wọ̀nyí àti àwòrán wọn padà. Ẹ wo àwo ọwọ́ ìránṣẹ́ Sarotti: kòkó ni a fi ń ṣe ṣokoléètì, adúláwọ̀ sì wà lára àwọn tí ń gbìn ín, ní Togo pàápàá. Ṣùgbọ́n bí olóko kọ́ ni ó ṣe yọjú lórí páálí. Ẹni tí ń gbé oúnjẹ tọ ẹlòmíràn lọ ni a yà á sí.

Màlúù tí kì í sọ̀rọ̀

Láti inú ogun kan náà ni àwòrán kejì ti wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Benjamin Rabier, ọ̀gá nínú yíya ẹranko, ya màlúù kan tí ń rẹ́rìn-ín fún àwọn ọkọ̀ tí ń kó ẹran lọ fún àwọn ọmọ ogun Faransé. Àwọn jagunjagun fi orúkọ rẹ̀ dápàárá: wọ́n pè é ní *Wachkyrie*, láti fi àwọn Walkyrie, obìnrin ajagun inú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará Jámánì, ṣe ẹlẹ́yà. Léon Bel, oníṣòwò wàràkàṣì ní agbègbè Jura, ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ogun yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1921, ó fi orúkọ *La Vache qui rit* sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Rabier ya orí màlúù pupa tí a mọ̀ lónìí. Yẹtí etí rẹ̀ jẹ́ páálí wàràkàṣì náà fúnra rẹ̀, màlúù mìíràn sì wà lára páálí inú yẹtí, tí òun náà fi yẹtí sí etí.

Ìdí méjì ni ọjà yìí fi ráyè ní ilẹ̀ gbígbóná bíi tiwa. Èkíní ni pé wàràkàṣì tí a ti fi iná yọ́, tí a sì dì sínú bébà onírin, kì í tètè bàjẹ́ bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀rọ amóhuntutù. Èkejì ni pé ẹyọ ẹyọ onígun mẹ́ta ni a gé e sí, tí ẹni tí kò lówó páálí odindi lè ra ẹyọ kan pẹ̀lú búrẹ́dì. Ní Lomé, bí a ti ń tà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdí kẹta wà, tí ó jẹ́ ti èdè. Màlúù yìí ń rẹ́rìn-ín, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ̀rín kò ní gírámà. Ẹni tí ó gbọ́ Ewé, ẹni tí ó gbọ́ Mina, ẹni tí ó gbọ́ Kabiyè, ẹni tí ó gbọ́ Nàgó, olúkúlùkù ni ó lè fi èdè tirẹ̀ sí i lẹ́nu.

Èdè wa sì ní ohun èlò tí a fi ń ṣe é. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *oní-* ni. Bí àwòrán ẹyẹ bá wà lára ọjà, a ó sọ pé, «Fún mi ní ẹlẹ́yẹ». Bí ó bá jẹ́ erin, «elérin» ni. Bí ó bá jẹ́ ìràwọ̀, «oníràwọ̀». Bí ó bá jẹ́ màlúù, «onímàlúù». Níwájú fáwẹ́lì mìíràn yàtọ̀ sí *i*, *n* inú *oní-* di *l*, fáwẹ́lì rẹ̀ sì tẹ̀lé ti ọ̀rọ̀ tí ó dara pọ̀ mọ́. Níwájú kọ́ńsónáǹtì àti *i*, *n* dúró ní ipò rẹ̀. Pẹ̀lú òfin kékeré yìí, ẹni tí kò ka lẹ́tà Faransé kan rí lè sọ ọjà àjòjì ní orúkọ tí gbogbo ọjà yóò gbọ́. Ẹni tí ó bá wo páálí, tí ó sì pe ohun tí ó wà lára rẹ̀, ti kàwé dé ìwọ̀n kan.

Agbára ìsọlórúkọ

Àwọn obìnrin Lomé mọ agbára yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti àwọn ọdún 1960 títí wọ inú àwọn ọdún 1980, àwọn ìyá oníṣòwò tí a ń pè ní *Nana Benz*, nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn, ni wọ́n di òwò aṣọ àǹkárá mú ní Assigamé. Nọ́ńbà ni ilé iṣẹ́ Vlisco ní Holland ń fi sára àwọn aṣọ náà. Àwọn ìyá ọjà ni wọ́n ń wo àwòrán ara aṣọ, tí wọ́n sì ń fún un ní orúkọ. Ẹyẹ tí ó jáde kúrò nínú àgò di ìkìlọ̀ ìyàwó fún ọkọ: bí o bá jáde, èmi náà yóò jáde. Aṣọ mìíràn di ọ̀nà láti yin ọkọ pé ó tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà ni ó ń ta aṣọ. Aṣọ tí kò rí orúkọ kì í tètè rí olùrà.

A mẹ́nu kan aṣọ níbí nítorí pé ó fi hàn pé ará Lomé kì í ṣe ẹni tí àwòrán àjòjì kàn ń fọhùn fún lásán. Ó lè dá a lóhùn. Ó lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó yà á, kí ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí i. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín àwọn ìyá wọ̀nyí àti jagunjagun Banania ni pé, àwọn ni wọ́n yan ọ̀rọ̀ fún àwòrán. Ní ti jagunjagun, àwòrán ni a fi yan ọ̀rọ̀ fún un. Àwọn àgbà sọ pé ẹnu ẹni ni a fi í kọ mèéjẹ. Ẹni tí a bá gba ẹnu rẹ̀ lò, kò ní ohun tí yóò fi kọ ohun tí kò fẹ́.

Orúkọ tí ó ti inú ilé wá

Àpẹẹrẹ wà láàrín wa tí ó gba ọ̀nà mìíràn. Ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1918, ọdún kan náà tí ìránṣẹ́ Sarotti jáde ní Berlin, Jacob Ṣógbóyèga Odùlàtẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oògùn ẹ̀fọ́rí tí ó pè ní Alábùkún. Kì í ṣe ìpápánu, ṣùgbọ́n orí àtẹ kan náà ni oògùn àti bisikí ti ń pàdé. Àwòrán olùdásílẹ̀ ọjà náà ni ó wà lára àpò rẹ̀: ènìyàn tí ó ní orúkọ, tí ó ní ìlú, tí a lè bi léèrè. Orúkọ ọjà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Títí di òní, Alábùkún ṣì ń kọjá ẹnubodè sí Benin àti Togo.

Ní ti ìpápánu gan-an, ẹ wo bisikí Òkín, tí ó ti ìpínlẹ̀ Kwara ní Nàìjíríà wá, tí olùdásílẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ọ̀fà. Òkín ni ọba ẹyẹ nínú èrò Yorùbá, *Ìyèrú Òkín* sì ni oríkì àwọn ọmọ Ọ̀fà. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ bisikí náà, tí ó sì mọ oríkì, ti gbọ́ ìtàn ìlú kan kí ó tó já àpò rẹ̀. Ẹyẹ yìí kò sọ̀rọ̀ wọ́ńkúwọ́ńkú, a kò sì yá a láti ibìkan. Inú ohùn wa ni ó ti fò jáde.

Ohun tí ó kù láti ṣe

Ewu àwọn àwòrán olùpolówó kò tán pẹ̀lú Banania. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí àbá pé kí a dín ìpolówó oúnjẹ oníṣúgà, oníyọ̀ àti ọlọ́ràá fún àwọn ọmọdé kù. Láti ọdún 2016, orílẹ̀-èdè Chile ti ka àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí ń fa ọmọdé léèwọ̀ lára irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ẹkùn Kellogg's sì kúrò lórí páálí níbẹ̀. Ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà ni àwọn àwòrán wọ̀nyí kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀, nítorí pé kò tíì lè ka ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ páálí. Ní Lomé, ìyá rẹ̀ pàápàá lè má lè kà á, nítorí pé èdè Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Àwòrán ń bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀. Àlàyé ohun tí ó wà nínú oúnjẹ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 1975, àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ní Togo yan Ewé àti Kabiyè láti máa kọ́ ní ilé ìwé. Nàgó àti Ifẹ̀ náà ní àkọtọ́ tiwọn. Nítorí náà, kò sí ìdí tí kò fi yẹ kí a kọ iye ṣúgà, ọjọ́ tí oúnjẹ yóò bàjẹ́ àti bí a ti ń pò ó ní èdè tí ẹni tí ń rà á gbọ́. Iṣẹ́ tiwa nínú rẹ̀ kò kéré. Àwa ni yóò wá ọ̀rọ̀ tí ìyá ọjà ń lò fún nǹkan wọ̀nyí. Àwa ni yóò ṣe àkójọ orúkọ tí àwọn oníbàárà ti sọ àwọn ọjà àjòjì, kí wọ́n tó parẹ́ mọ́ àwọn àgbà lẹ́nu. Àwa náà ni yóò sì fi yé àwọn ọmọ pé gírámà tí a fi Banania ṣe ẹlẹ́yà kì í ṣe àìmọ̀ èdè.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí ní Lomé, ní Atakpamé, ní Pobè tàbí ní Kétou, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láìná owó. Ẹ ní kí àwọn ọmọ mú páálí òfìfo wá láti ilé. Ẹ bi wọ́n pé kí ni ẹ̀dá tí ó wà lára rẹ̀ ń sọ, ní èdè wo, àti fún ta ni. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ilé wọn sí i lẹ́nu, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Orúkọ tí wọ́n bá mú wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á mọ́.